Táyà tí Àna Mi Fi Òrí Pa

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ṣí igbá òrí nítòsí mi, táyà ọkọ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ bá. Àwọn mìíràn á gbóòórùn òrí, wọn á rántí ìyá wọn, wọn á rántí ọyẹ́ àti ètè tó ń la. Táyà lèmi máa ń rántí. Ìyàwó mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi òrí ra imú mi nígbà ọyẹ́, á wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe jẹ́, kí ẹ̀yin náà lè fi mí rẹ́rìn-ín, torí mo ti fi ara mi rín in tó.

Nígbà tí mò ń wí yìí, mi ò tíì pẹ́ tí mo gbéyàwó. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ títún fóònù ṣe ló gbé mi dé Àgọ́-Àrẹ. Mo ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́bàá ọjà, ẹnu mi sì mú nídìí iṣẹ́ náà. Bí èèyàn bá gbé fóònù tó ti mumi wá, n ó ṣí i, n ó yẹ̀ ẹ́ wò, n ó ní, "Èyí ti kú o, ẹ lọ ra òmíràn." Mi ò ní ṣẹ́jú. Ìbáà ṣe arúgbó ló gbé e wá, ìbáà ṣe ọmọge ló ń sunkún lé e lórí, bó ṣe rí ni n ó ṣe sọ ọ́. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣeé tún ṣe àti ohun tí kò ṣeé tún ṣe bí èmi. Ọlọ́run ń wò mí, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ohun kan tí mi ò ní láyé mi ni bàbá. Ẹni tó bí mi kú kí n tó lè dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ìyá mi tọ́ mi, ó sì tọ́ mi yanjú, ṣùgbọ́n mi ò mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ní bàbá nínú ilé. Nígbà tí mo wá fẹ́ ìyàwó, tí bàbá rẹ̀ gbá mi léjìká tó ní, "Àna mi, ẹ káàbọ̀ sílé," díẹ̀ ló kù kí n sunkún lójú gbogbo ẹbí. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá, mùsùlùmí òdodo ni, ó ga, kì í sì í pariwo. Ìyàwó mi ni àkọ́bí rẹ̀. Bó ti dàgbà tó, tí èmi sì jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, torí pé àna ni mí, àna ò sì ṣeé fojú di. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i, á ní kí n tètè dìde kí aṣọ mi má dọ̀tí. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò mọ́gbọ́n dání, á mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á ní, "Òótọ́ lẹ wí, àna mi." Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ tí kò mọ́gbọ́n dání tí mo sọ níwájú ọkùnrin náà lọ́dún yẹn, ẹṣin ò lè kó o tán.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé mo ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ọkọ̀ tó ti darúgbó ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọmọge ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ra ọkọ̀ kì í kọ́kọ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ń gbé e lọ, kí wọ́n lè fi àdúrà sí i. Mo wà á lọ sílé àna mi. Wọ́n ka Fátíhà sí i, wọ́n wọ́n omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá ìyàwó mi kí i ní oríkì bí ẹni tó ń kí ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, bàbá wọ inú ilé lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, àfi bó ṣe gbé táyà kan jáde.

Bàbá ti ní ọkọ̀ rí, èyí tó máa ń fi kó iṣu lọ sí Ṣakí. Ọkọ̀ náà kú, wọ́n tu ú tà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó wá ku táyà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ náà ò lò púpọ̀ kó tó kú. Bàbá so ó rọ̀ sókè àjà yàrá tó ń kó iṣu gbígbìn sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni táyà náà fi wà níbẹ̀, síbẹ̀ nígbà tó gbé e jáde, ńṣe ló ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ẹnu yà wá. Bàbá wá ṣàlàyé. Ó ní bí ọyẹ́ bá lè la àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn, kí ni kò ní fi la rọ́bà? Nítorí náà, gbogbo ọdún tí òun bá ti ń fi òrí para, òun a máa fi pa táyà náà pẹ̀lú. Gbogbo wa mi orí. Kí ló kù tí a kì í fi òrí pa ní Òkè-Ògùn? A fi ń pa ìwọ́ ọmọ, a fi ń wọ́ ẹsẹ̀ tó rọ́, àwọn ọdẹ wa fi ń pa awọ apó wọn kó má gan. Kò sí ẹnì kankan lágbo tó rántí sọ pé rọ́bà kì í ṣe awọ.

"Àna mi, ẹ gbà á," bàbá wí. "Ẹ máa fi òrí pa á o."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba táyà náà, mo gbá a mọ́ àyà, òrí ra gbogbo aṣọ mi. Mo wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, mo rí i pé ó bá ti ọkọ̀ mi mu wẹ́kú, mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Lóòótọ́, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ kí inú èèyàn dùn sí táyà. Kì í ṣe táyà ni mo rí lọ́wọ́ bàbá. Mo rí i pé ọkùnrin kan tó tó bàbá mi í bí ti tọ́jú nǹkan pamọ́ fún ọdún gbọọrọ, ó wá gbé e fún mi.

Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni ì bá gbé irú táyà bẹ́ẹ̀ sí bùùtù, kó fi ṣe sípíà. Èmi kọ́ o! Mo ní ẹ̀bùn àna kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo yọ táyà gidi tó wà níwájú lápá ọ̀tún, mo gbé e sí bùùtù, mo wá de táyà bàbá síbẹ̀, níbi tí tẹrú-tọmọ yóò ti máa rí i. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn bẹ́, mo gbé táyà gidi yẹn rọ́pò rẹ̀, bùùtù di òfìfo. Ní gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀, kí n tó wẹ̀ lọ sí mọ́sáláṣí, n ó mú igbá òrí, n ó lóṣòó ti táyà, n ó máa fi ọwọ́ ra á. Àwọn ará àdúgbò rò pé oògùn ni mò ń fi sí ọkọ̀. Ìyàwó mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kówọ́ lé ìbàdí.

"Ṣé ẹ ò ní bá a wé gèlè náà?" ló máa ń bi mí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó jò, ìṣó ló gún un. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òpin ìlú, lójú ọ̀nà Ṣakí. Aláriwo èèyàn ni, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó dẹ̀rín. Ó da omi ọṣẹ sí táyà, ó wo ibi tó ti ń hó, ó ní ojú táyà ni ìṣó gún, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ó tú u, ó ha inú rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́bà mọ́ ojú ihò náà. Mo wà á lọ tayọ̀tayọ̀. Kò pẹ́ tó tún wálẹ̀. Nígbà tó tú u, rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ọn ti ṣí bí èèpo iṣu sísun. Ó tún lẹ̀ ẹ́, ó tún ṣí. Ni ọkùnrin náà bá fi ìka ra inú táyà, ó gbé ìka sí imú, ó wò mí.

"Ọ̀gá onífóònù, kí lẹ fi ń pa táyà yìí?"

"Òrí," ni mo fi ìgboyà dáhùn.

Háà! Ọkùnrin náà sọ táyà sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe ọlọ́kadà kan tó wà nítòsí pé kó wá gbóòórùn. "Òrí! Kí gọ́ọ̀mù wá lẹ̀ mọ́ òrí! Ẹ gbé e lọ sílé kí ẹ fi se ẹ̀bẹ jàre." Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó sọ fún mi pé ọ̀tá ni rọ́bà àti ọ̀rá, pé táyà tó bá ti mu ọ̀rá fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti inú ló ti ń rọ̀, dídán tó ń dán yẹn ẹ̀tàn lásán ni. Ó fi tiúbù sí i nínú kó lè gbé e dúró, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n jáwọ́ nínú òrí. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tó di Jímọ̀, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bàbá ló ní kí n máa fi òrí pa á, fọkanáísà ló ní kí n má fi pa á mọ́. Ta ni n ó gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Mo gbé igbá òrí jáde.

Láàárín àkókò yẹn, ìyàwó mi lóyún. Bí oyún náà ṣe ń ga ni ọ̀rọ̀ táyà náà ń le. Gbogbo ìgbà tí a bá ń lọ sí Ṣakí, tí àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ ló máa ń fi di ìlẹ̀kùn mú láti ilé dé ibẹ̀. Ó bẹ̀ mí títí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ táyà yìí fún mi." Èmi ọlọ́gbọ́n á gbé agbádá òwe wọ̀. Mo ní ọmọdé tó bá dúpẹ́ oore àná ló ń rí òmíràn gbà. Mo ní ṣé bàbá rẹ lo fẹ́ kí n dójú tì? Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti lọ sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní kó má dá sí i, ọ̀rọ̀ àna méjì ni, pé bí obìnrin bá kó sí i láàárín, òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi.

Ohun tó wá tì í délẹ̀ ni ìrìn oko kan. Mo lọ bá bàbá kó iṣu, mo gba ọ̀nà eléruku pupa tó kún fún òkúta, òkúta kan sì gé táyà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò jò o, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ibi tó wú náà.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Ihò tó bá wà lójú táyà níbi tó ń tẹlẹ̀, màá lẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì máa lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń gbé ọkọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ti gé, tí okùn inú rẹ̀ ti já, kò sí fọkanáísà tí ìyá bí tó lè tún un ṣe. Èyí ti kú o. Ẹ lọ ra òmíràn."

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi gan-an nìyẹn, mi ò sì mọ̀ pé bó ṣe ń dunni nìyẹn. Mo ní kó kàn bá mi fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bàbá. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá wá sílé wa, táyà yẹn ló kọ́kọ́ máa ń wò. Á dúró, á tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, á mí kanlẹ̀, kó tó wá dá mi lóhùn. Ayọ̀ ni mo pè é. Mo ní wò ó bí inú bàbá ṣe ń dùn pé mo ń lo ẹ̀bùn òun. Bó bá dé lọ́jọ́ kan tí kò bá a níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí pé "àna mi" tó ń pè mí yẹn yóò tutù lẹ́nu rẹ̀, pé bàbá kan ṣoṣo tí mo rí láyé á yọwọ́ lọ́rọ̀ mi. Ẹ̀rù yẹn ló ń wa ọkọ̀, èmi kọ́.

Oyún pé. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ní tí ìrọbí bá ti mú un lẹ́yìn díẹ̀, kí a máa gbé e bọ̀. Ó mú un lẹ́yìn ní ìdájí ọjọ́ kan. Ìyá ìyàwó mi dé pẹ̀lú ẹrù aṣọ, bàbá náà dé pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó ní òun ò lè jókòó sílé, ọmọ-ọmọ òun àkọ́kọ́ ni. Àwọn obìnrin wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ṣí iwájú fún bàbá, lápá ọ̀tún, lókè táyà rẹ̀ gangan. Ó wo táyà, ó wò mí, ó wọlé, ó ní, "Bísímílàhì."

A ò tíì kúrò ní ìlú tán tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ sápá ọ̀tún. Mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú, mo ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó ń fà, mò ń fà á padà. Ó wá dún bọ̀ọ̀, bọ̀ọ̀, bọ̀ọ̀, bí ẹni tó ń fi bàtà tó ti já rìn. Ọlọ́run ṣàánú wa, ìsọ̀ fọkanáísà wà níwájú, mo rọra wọ́ ọ débẹ̀. Mo ní ká dá ọkọ̀ mìíràn dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà Ṣakí ni, gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló kún bámúbámú, èèyàn wà lórí ẹrù.

Fọkanáísà jáde. Ó rí aboyún lẹ́yìn ọkọ̀, ó rí táyà, ó ká ọwọ́ lérí.

"Súbúhánálàhì! Ọ̀gá, ẹ̀yin ṣì wà lórí nǹkan yìí? Mi ò ní lẹ̀ ẹ́ o. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́, ó lè gbé yín dé Ṣakí, ó sì lè gbé yín wọ igbó. Mo ní tòkunbọ̀ kan nílẹ̀ níbí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu. Ẹ jẹ́ kí n yọ ti òrí yìí sọnù." Ó wá yíjú sí bàbá, kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, Bàbá. Ta ló tilẹ̀ fún un ní táyà burúkú yìí?"

Ilẹ̀ ò lanu kí n kó sínú rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò. Bàbá ń ka tẹ̀súbáà lọ. Mo dúró láàárín wọn, mo ní àgbà wà lọ́jà o, àgbà ò sì sọ̀rọ̀; kí ni èmi ọmọdé fẹ́ wí? Ẹnu mi ti là láti sọ pé kó kàn bá mi lẹ̀ ẹ́, ká máa lọ. Ìgbà náà ni ìyàwó mi gbá ìlẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó káwọ́ mọ́ ikùn, ó di ojú. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú òtútù òwúrọ̀. Mo wò ó. Mo ní bí ó bá jẹ́ bàbá ni n ó pàdánù, kí n pàdánù rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pupa níwájú bàbá ìyàwó mi.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n yọ táyà yín."

Mo gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣe họ̀ọ̀-họ̀ọ̀ lókè orí mi, mo rò pé ẹkún ni. Mo gbójú sókè. Ẹ̀rín ni bàbá ń rín! Ọkùnrin tí kì í pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó di ọkọ̀ mú kó má ṣubú.

"Alihamudulilai! Àna mi, kí ẹ lè fi ṣe sípíà ni mo ṣe fún yín ní táyà o! Ọjọ́ tí mo rí i níwájú ọkọ̀, àyà mi já. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo tún ní, báwo ni èèyàn ṣe máa fún àna rẹ̀ lẹ́bùn, kó tún wá ní kó tú u kúrò? Ẹ ò ní rò pé mo mọ̀ pé kò dáa kí n tó fún yín? Ìgbàkígbà tí mo bá rí ọkọ̀ yín, òun ni mo kọ́kọ́ ń wò, bóyá ẹ ti yọ ọ́. Kò sí Jímọ̀ kan tí mi ò bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi mú táyà yẹn kúrò lábẹ́ ọmọ mi."

Ẹ gbà mí o! Bí bàbá ṣe ń gbàdúrà ní Jímọ̀ pé kí táyà kúrò, bẹ́ẹ̀ lèmi ń fi òrí pa á ní Jímọ̀ kó lè pẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n dojú bolẹ̀. Ìyàwó mi ló bá wa yan èyí tó tọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì!" Ó ti yọ orí síta. Mi ò gbọ́ kí ó gbóhùn sókè sí bàbá rẹ̀ rí, mi ò sì tíì gbọ́ ọ láti ìgbà náà. "Ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ara yín, ẹ sì fẹ́ẹ́ pa mí! Èmi tí mo jókòó lé e lórí láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ táyà yìí kí n tó bímọ síbí!"

Fọkanáísà ò dúró gbọ́ èkejì, ó ti ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀. Bó ṣe ń tú u, kò dákẹ́ ẹnu. Ó ní, "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ọ̀gá, ẹ̀yin pe táyà lórí, ẹ sì ń fi tẹlẹ̀ lójoojúmọ́." Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín lákọ̀tun. Mi ò béèrè ibi tí fọkanáísà gbé táyà àtijọ́ náà sí. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó gé e ní ọ̀já-ọ̀já, ó ń pín in fún àwọn ọlọ́kadà láti fi de ẹrù, pé kò sí ọ̀já tó rọ̀ tó o ní gbogbo Àgọ́-Àrẹ.

A dé Ṣakí láyọ̀. Ọkọ̀ ò fà sápá ọ̀tún, kò fà sósì. Wọn ò tíì pe ìrun alásárì tí nọ́ọ̀sì fi jáde wá sọ fún wa pé ọmọbìnrin ni, pé ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Ìyá ìyàwó mi sáré wọlé. Èmi jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò. Bàbá lọ ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó padà wá, ó dúró lé mi lórí. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

"Dìde," ló wí.

Mo dìde.

"Òmùgọ̀ ni ọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Òmùgọ̀ ni ọ́! Orí rẹ ò pé. O rí i pé táyà wú, fọkanáísà sọ fún ọ, ìyàwó rẹ bẹ̀ ọ́, o gbé ọmọ mi àti ọmọ inú rẹ̀ lé e lórí, o ní o ń bọ̀wọ̀ fún mi. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, ta lo fẹ́ kí n máa pè ní ọmọ? Bí o bá tún rí ohun tí kò dáa lọ́wọ́ mi, tí o kò sọ fún mi, màá nà ọ́, bó o ṣe tóbi tó yìí!" Ó bá mi wí títí àwọn tó jókòó síbẹ̀ fi ń wò wá. Ó ní bí òun náà ṣe dákẹ́, òmùgọ̀ lòun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n tèmi pọ̀ jù. Nígbà tó bá mi wí tán, ó fi ọwọ́ òsì fà mí mọ́ra, ó jókòó tì mí.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà lórí bẹ́ńṣì yẹn, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló rò pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí. Wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́. Kò sí ọ̀fọ̀ kankan. Mo ti dàgbà, mo ti gbéyàwó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọkùnrin kan kò sì bá mi wí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Àna ni èèyàn ń rọra bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹni là ń bú.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ó lẹ́nu bí ìyá rẹ̀. Bàbá ti dàgbà sí i, ó ti dín oko kù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn àbúrò ìyàwó mi ti relé ọkọ, bí àwọn ọkọ wọn bá wá kí i, á dìde dúró, á ní, "Àna mi, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, ṣé dáadáa lẹ dé?" Wọ́n á jókòó jẹ́jẹ́. Bí èmi bá yọjú, kò ní dìde. Á kàn wò mí látòkè délẹ̀, á ní, "Ìwọ, níbo lo ti wà látàárọ̀? Fìlà rẹ wọ́. Lọ gbé iṣu yẹn wọlé." N ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, n ó tún fìlà ṣe, n ó gbé iṣu. Àwọn àna yòókù á máa fi ojú àánú wò mí. Wọ́n rò pé bàbá kò fẹ́ràn mi ni, mi ò sì jẹ́ sọ fún wọn.